Efinrin Ẹnu Ihò Òkété

Bí Ehoro bá bi Òkété pé, "Kí ni mo ṣe fún ọ?", kí ni Òkété yóò wí? Ẹ bá mi gbe orin, ibẹ̀ ni àlọ́ mi ti gbéra.

Efinrin kan hù sẹ́nu ihò Òkété, níbi tí oòrùn ti ń ta sí i. Gbogbo ìyá tí inú bá ń run ọmọ rẹ̀ ní í já ewé níbẹ̀. Nígbà tí Òkété bímọ, ẹ̀rù bà á: "Wọn á já a tán kó tó kan ọmọ tèmi." Ó bá hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó lọ gbìn ín sínú òkùnkùn ihò.

Lọ́jọ́ kẹta, Ehoro gbé ọmọ rẹ̀ dé:

Òkété, fún mi léwé kan,
— Efinrin.
Inú ń run ọmọ mi o,
— Efinrin.

"Ẹ̀yin elétí gígùn, ẹ ò gbọ́ ni? Ó ti tán."

Ọmọ Ehoro kú kí oòrùn tó wọ̀. Òkété wọlé lọ wo efinrin rẹ̀: ó ti rọ, gbogbo ewé rẹ̀ ti wọ́ sílẹ̀.

Ó pẹ́ gan-an kó tó gbọ́ lẹ́nu Ìgalà pé efinrin tí wọ́n bá ń já lórí ló ń pẹ̀ka. Ọwọ́ àwọn ìyá wọ̀nyẹn ló mú tirẹ̀ pọ̀.