Ìgò Tí Yàkúbù Kò Nù

Ẹ má tíì ju fóònù sílẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ ka èyí títí dé ìlà ìkẹyìn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

1.
Ọdún kọkànlá rèé tí Yàkúbù, ọmọ Kàbbà, ti ń ṣiṣẹ́ nínú láàbù ilé-iṣẹ́ epo kan l'Ábújà. Bí táńkà kẹrosíìnì bá dé, òun ni yóò rọ díẹ̀ nínú rẹ̀ kún ìgò kékeré kan, yóò wọ̀n ọ́n, yóò sì fi ìwúwo rẹ̀ wé ti omi tó kún ìgò kan náà. Bí omi bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, kẹrosíìnì wọn gbọ́dọ̀ tó ọgọ́rin. Bó bá fúyẹ́ jù, pẹtiróòlù ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Jímọ́ kan, ó jẹ́ méjìdínlọ́gọ́rin.

"Ọ̀gá Yàkúbù, ẹ má buwọ́ lu ìwé epo yìí o," ni Iredélé tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wí. "Ẹ dá táńkà yẹn padà."

"Kai! Ìgò ló dọ̀tí. Ṣé o rò pé àná ni mo débí ni?"

2.
Ó ṣan ìgò náà, ó tún rọ kẹrosíìnì sí i, ó gbé e ka òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀. Omi ń kán lára rẹ̀ tó, tó, tó.

Ọgọ́rin géérégé.

"Ẹ ò nu ara ìgò!" Iredélé pariwo. "Omi yẹn lẹ wọ̀n pọ̀ mọ́ ọn!"

"Máa kọ́ mi níṣẹ́ mi, Tíṣà."

Nọ́ńbà tó wù ú ló gbà gbọ́. Ó buwọ́ lù ú.

Ní láàbù yẹn, ẹni tó bá wọn epo ló ń gbé èyí tó ṣẹ́ kù nínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi bù ú látinú táńkà lọ sílé. Yàkúbù gbé e lọ fún Waliyat, ìyàwó rẹ̀, ní Kádò.

"Bàbá Fuad, òórùn eléyìí mà mú jù."

"Èmi ni mo wọ̀n ọ́n! Tan sítóòfù jàre, ebi ń pa mí."

"Ó dáa, bí ẹ bá ti wí."

Ó ṣáná sí i.

3.
Ní ọsibítù, báńdéèjì bo Waliyat lójú àti gbogbo ara tí iná jó. Ohùn nìkan ló fi mọ ọkọ rẹ̀.

"Wọ́n ní pẹtiróòlù wà nínú ẹ̀. Ẹ ṣáà wọ̀n ọ́n?"

"Mo wọ̀n ọ́n."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́ ló tọ̀nà."

Waliyat yíjú síbi tí ohùn náà ti wá.

"Kí ló wá dé tí ẹ mú èkejì, Bàbá Fuad?"

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n sin Waliyat.

Níbi ìsìnkú ni Iredélé ti sún mọ́ ọn. "Ọ̀gá, wọ́n ti ta ìyókù táńkà yẹn tán. Wọ́n ti gbé e lọ sí Wúsè, Àpó, ibi gbogbo."

Yàkúbù jókòó sórí erùpẹ̀. Ilẹ̀kùn ta ni yóò kọ́kọ́ kàn láti kìlọ̀ fún wọn?

Ẹ̀yin tó ń wọn nǹkan fún aráyé, ẹ gbọ́ o! Ẹ nu ìgò yín. Bí nọ́ńbà kejì bá dùn mọ́ yín ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Bí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ bá ní ẹ dúró, ẹ dúró. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń fi kẹrosíìnì dáná, kó tó ṣáná.