Eku Kì Í Gbọ̀n Lọ́wọ́ Marlys

Láti ọjọ́ tí Marlys ti fẹ̀yìn tì ní láàbù wa ní Duluth, òògùn wa ò ṣiṣẹ́ mọ́.

Òògùn tó ń lé ìbẹ̀rù ni. Ọdún mẹ́rin ni Marlys fi gún àwọn eku lábẹ́rẹ́ ẹ̀, ara wọn sì máa ń balẹ̀.

Èmi ni mò ń mú àwọn tí a ò fún lóògùn. Gbígbọ̀n ni tiwọn.

Ní báyìí tí mo gba eku Marlys, àwọn náà ti ń gbọ̀n.

"Ọwọ́ ẹ ló le jù, Darrell," ni ọ̀gá wa, Dókítà Lindgren, wí.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká tún un dán wò ná."

"Mọ́ńdè ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn lóògùn yìí. Ṣé ìwọ lo máa lé wọn padà sílé?"

Ẹ̀wù iṣẹ́ Marlys ṣì wà lórí ìkọ́, wọn ò tíì fọ̀ ọ́. Òórùn ara obìnrin náà ṣì wà nínú ẹ̀, kì í ṣe òórùn ọkùnrin bíi tèmi.

Mo gbé e wọ̀, mo gún eku mẹ́wàá lábẹ́rẹ́.

Ìkankan ò gbọ̀n. Ọ̀kan tiẹ̀ sùn sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣó o rí i? Òògùn yẹn dáa."

Mo na ìgò tí mo lò sí i.

Ó ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀. Omi iyọ̀ lásán ni, kò sí òògùn kankan nínú ẹ̀.

Ó fi ìgò náà sí àpò ẹ̀.

"Lọ fọ ẹ̀wù yẹn," ló wí.