Gideon Tó Jẹ́rìí Ta Ko Ara Rẹ̀

Gideon fẹ́ràn ìyìn ju òtítọ́ lọ. Bíríkìlà ni ní Ìgàndò, kò sì sí ilé tó bá àwọn bíríkìlà yòókù fọwọ́ kàn tí kò ní í sọ pé òun nìkan lòun kọ́ ọ. Nígbà tí ara rẹ̀ le, ẹ̀rín lásán ni wọ́n ń fi í rín.

Ó jábọ́ láti orí ilé alájà kan ní Gowon Estate, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sì bàjẹ́. Ọ̀pá méjì ló fi ń rìn láti ìgbà náà. Susanna ìyàwó rẹ̀ ló ń wẹ̀ fún un, aṣọ tó ń rán ló fi ń bọ́ ilé. Wọ́n béèrè fún owó tí ìjọba ń fún àwọn aláàbọ̀ ara lóṣooṣù, ìjọba kò fún wọn. Wọ́n ní àìsàn tó máa lọ ni. Inú bí agbẹjọ́rò kan, Lucy, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù láìgba kọ́bọ̀.

"Ẹ̀tọ́ yín ni, sà," ló sọ fún un. "Ẹ ṣáà má sọ ohun tó yàtọ̀ sí ohun tí dókítà yín kọ nípa ẹ̀yìn yín fún ẹnikẹ́ni."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?" ni Gideon fi dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, pásítọ̀ ìjọ wọn kéde pé Olúwa ti wo ẹ̀yìn ẹnì kan sàn nínú ìjọ. Obìnrin kan ti jẹ́rìí ọmọ, ọkùnrin kan ti jẹ́rìí físà, gbogbo ìjọ sì ti hó fún wọn. Ara Gideon kò gbà á mọ́. Ó ju ọ̀pá méjèèjì nù, ó fò sókè, ó kígbe pé ara òun ti le, ilé ìsìn sì mì tìtì. Oògùn ìrora tó lò láàárọ̀ ló gbé e dúró. Wọ́n ya fídíò rẹ̀, wọ́n gbé e sórí Fesibúùkù. Lọ́jọ́ kejì, kò lè dìde lórí ibùsùn.

"Bàbá Tolú, kí ló dé tí ẹ ṣe báyìí?" Susanna ń sunkún. "Ẹ lọ sọ òótọ́ fún pásítọ̀."

"Kí n ní mo parọ́ nílé Ọlọ́run? Fi mí sílẹ̀ jàre. Ta ló máa wo fídíò ṣọ́ọ̀ṣì kékeré yìí?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Ti Gideon kò tiẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba tan fídíò náà níwájú adájọ́, lójú pásítọ̀ àti àwọn ará ìjọ tó wá fi àdúrà tì í lẹ́yìn.

"Ṣé òótọ́ lẹ sọ nínú fídíò yìí, àbí irọ́ lẹ pa?" ló bi Gideon.

Lucy tẹjú mọ́ ọn, ó ń fojú bẹ̀ ẹ́. Dókítà wà níbẹ̀ tó máa gbè é lẹ́sẹ̀ bó bá jẹ́wọ́. Ojú á tì í lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ìrànwọ́ náà lè bọ́ sí i lọ́wọ́. Gideon bojú wẹ̀yìn, ó rí àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i.

"Olúwa ti wò mí sàn," ló wí.

"Halelúyà!" ni ìjọ kígbe. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Adájọ́ da ẹjọ́ náà nù.

Nígbà tí ebi wọlé dé, Susanna lọ bẹ ìjọ fún ìrànlọ́wọ́. Wọ́n ní ẹni tí Olúwa ti wò sàn kì í jẹ nínú owó aláìní. Gideon kò lè dìde mọ́, ìdùbúlẹ̀ sì ti dá egbò sí i nídìí báyìí. Susanna ṣì ń wẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kì í bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi àtẹ́wọ́ ra ìparun. Àwọn tó fi ẹ̀tọ́ Gideon dù ú jẹ̀bi, n kò ní í bá wọn wẹ ọwọ́ wọn mọ́. Ṣùgbọ́n òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ dá wọn láre. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá le, kó sọ pé kò le. Ìjọ tó hó fún un ti gbàgbé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló ń ru ẹrù irọ́ náà.