Ọkọ́ Ọlábímtán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé ìlà tó kẹ́yìn kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Kò gùn. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ fún ẹni tó jókòó tì yín.

1.

Ní ọdún 1942, ìwé kan ti Kábà dé ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà Iyara. Ìjọba ń wá ọ̀dọ́mọkùnrin tí yóò lọ jagun ní Bọ́mà. Tíṣà Lájídé ló kà á fún ìlú, nítorí òun ló máa ń ka ìwé gbogbo ènìyàn níbẹ̀. Ìwé náà kò ju ìlà mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n Tíṣà sọ̀rọ̀ títí ọjọ́ fi rọ̀. Ó ní ogun òdodo ni. Ó ní ojú yóò ti ìlú tí kò bá fi ọmọ sílẹ̀. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́.

Ó wá yíjú sí Ọlábímtán, ọmọ kan ṣoṣo tí Agatha opó bí.

"Bímtán, ìwọ lo lágbára jù níbí. Orúkọ ta ni kí n kọ́kọ́ kọ?"

Ọlábímtán rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ta ni yóò máa bá ìyá mi kọ ebè?"

"Èmi ni."

Agatha wà níbẹ̀. Ernest, ọmọ Tíṣà, tó jẹ́ ẹgbẹ́ Ọlábímtán, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Orúkọ Ọlábímtán ni wọ́n kọ, wọn kò kọ ti Ernest.

2.

Ní ọdún 1945, ìwé mìíràn dé. Tíṣà náà ló kà á. Ọlábímtán ti kú sí Bọ́mà. Òkú rẹ̀ kò ní wá sílé.

Ní ìlú yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá kú sí àjò tí òkú rẹ̀ kò délé, ọkọ́ tó fi ń roko ni wọ́n ń sin. Ẹni tó rán an lọ ni yóò kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sí i. Yóò wí pé: "Èmi ni mo rán ọ. Máa bọ̀ nílé." Bí kò bá wí bẹ́ẹ̀, wọ́n gbà pé olóògbé náà ṣì wà lójú ọ̀nà, ó ń wá ẹni tí yóò jẹ́ iṣẹ́ fún.

Agatha mú ọkọ́ ọmọ rẹ̀ lọ bá Tíṣà. Tíṣà ní kí òjò dá ná. Òjò dá. Ó ní kí ìkórè kọjá. Ọdún mẹ́sàn-án kọjá báyìí. Ebè tó ṣèlérí ńkọ́? Ó kọ ọ́ ní ọdún kan péré.

3.

Nígbà tí ó di ọdún 1954, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àwọn tó bọ̀ láti ogun kò ríṣẹ́. Gbogbo ènìyàn ń sọ pé ìjà àwọn òyìnbó ni, kò kàn wá. Ní ọdún yẹn gan-an ni Tíṣà Lájídé fẹ́ wọ ìgbìmọ̀ àgbègbè. Ó pe ìlú jọ kó lè bẹ̀ wọ́n fún ìbò. Agatha gbé ọkọ́ náà wá.

"Okun o, Tíṣà, mo kí yín. Ara mi kò yá mọ́. Mo fẹ́ sin ọkọ́ yìí kí n tó kú. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ lẹ́nu yín."

Ọláníran ọlọ́pẹ, aláwàdà ìlú, dáhùn láti ẹ̀yìn: "Tíṣà, ṣé ẹ̀yin lẹ rán an ni, àbí Hítílà?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Tíṣà wo ojú èrò.

"Èmi kò fara mọ́ ogun yẹn rí," ni ó wí. "Ìwé ni mo kà. Ẹni tó ka ìwé kọ́ ló kọ ọ́."

Agatha yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ̀yin ńkọ́?"

Benjamin àgbà ní oko lòun wà lọ́jọ́ náà. Ọláníran ní ibà ló dá òun dúbúlẹ̀. Ọmọ́ṣọlá ní òun kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ dáadáa. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó fara mọ́ ogun náà rí, nínú gbogbo àwọn tó pàtẹ́wọ́.

"Ó dáa," ni Agatha wí. "Ọmọ mi ló rán ara rẹ̀." Ó gbé ọkọ́ náà, ó lọ sílé.

Ernest bá bàbá rẹ̀ nílé nírọ̀lẹ́. Ó ní, "Bàbá, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ka ìwé yẹn." Ó padà sí Ìsánlú níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Kò wá ṣe Kérésìmesì nílé lọ́dún náà, bẹ́ẹ̀ ni kò wá lọ́dún kejì.

4.

Tíṣà wọlé ìbò.

Ní oṣù tó tẹ̀lé e, obìnrin ìlú náà kan tó ń jẹ́ Martha gba ìwé láti ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì. Ó gba iwájú ilé Tíṣà kọjá, ó forí lé ọ̀nà Iyara.

"Martha, mo wà nílé o."

"Mo rí yín, Tíṣà. Ẹni tí yóò rántí ohun tó kà ni mò ń wá."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún mú ìwé wá fún un.

5.

Agatha kú nígbà ọyẹ́. Àwọn obìnrin sin ín láàárọ̀, wọ́n sì tẹ́ ọkọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀sán ni Tíṣà tó dé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu erùpẹ̀.

"Èmi ni mo rán ọ," ni ó wí. "Máa bọ̀ nílé."

Ọmọ́ṣọlá ń gbálẹ̀ nítòsí. Kò dá ọwọ́ dúró. "Tíṣà, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀? Ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ti lọ."

Tíṣà da erùpẹ̀ náà sílẹ̀. Ó gbọn ọwọ́. Ó lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ fetí sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé ènìyàn fara mọ́ ohun tí ó padà burú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rere ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò dára ni kí á gbé ẹrù ru ọmọ ọlọ́mọ, kí ẹrù náà pa á, kí á sì sọ pé ọwọ́ wa kọ́ ló gbé e. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀, ẹ gbà pé ẹ sọ ọ́. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹni tó nílò rẹ̀ ṣì lè gbọ́. Àti ẹ̀yin tí ẹ pàtẹ́wọ́, ìkìlọ̀ yìí kàn yín.

Ẹyin lohùn: bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.