Ọwọ́ Adamou àti Ìkòkò Ọgọ́ta

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá dúró ní ìdajì á rò pé Adamou ló borí, á sì lọ ṣe bíi tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yín ò sí lọ́rùn mi o.

1

Ní ìparí àwọn ọdún 1890, Idrissou, ọmọ Manigri, ti etí òkun dé. Ó ti bá àwọn Faransé ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nídìí okùn irin tí wọ́n fi ń ránṣẹ́. Ó to ìkòkò kéékèèké ọgọ́ta sí ọjà Bassila, omi kíkan wà nínú wọn, ó sì fi okùn bàbà so wọ́n pọ̀. Ọ̀pá irin méjì wà ní ìparí okùn náà. Ẹni tó bá di méjèèjì mú, nǹkan á máa ṣàn kọjá lára rẹ̀, abẹ́rẹ́ inú àpótí kan á sì fi hàn bó ṣe pọ̀ tó.

Adamou, àgbẹ̀ Manigri, ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè tán ni. Ọyẹ́ mú, ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, awọ rẹ̀ sì yi bí awọ bàtà. Ó di irin mú. Abẹ́rẹ́ yí dé oókan, ó dúró. Ohun tí Adamou mọ̀ lára kò ju ìrìn èèrà lọ.

"Ẹ̀rù mi ló bà á!" ló pariwo.

Idrissou rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, kì í ṣe ẹ̀rù. Ìkòkò ọgọ́ta, ipá ọgọ́ta nìyẹn. Ohun tó ṣàn jẹ́ ẹyọ kan. Fi ọ̀kan pín ọgọ́ta: ìdènà ọwọ́ rẹ jẹ́ ọgọ́ta. Awọ gbígbẹ yẹn ló dí ọ̀nà. Bó bá rọ̀..."

Adamou ti lọ. Ta ló ń dúró gbọ́ ìṣirò nígbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un?

2

Ó dé ibi ìsìnkú, ó sọ ọ́. Ó dé ibi ìsọmọlórúkọ, ó sọ ọ́. Ó sú Nọ́fíù, ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ó dáa," ni Nọ́fíù wí. "Dì í mú lọ́jà tó ń bọ̀ títí n ó fi jẹ iṣu sísun kan tán, màlúù mi di tìrẹ. Ṣùgbọ́n bó o bá ju irin sílẹ̀, tàbí o ké pé kí wọ́n gbà ọ́ ńkọ́?"

"Kó gbogbo èbù iṣu mi lọ!"

Awaou ìyàwó rẹ̀ ká ọwọ́ lérí. "Bàbá Sakinatou, èbù tá a fẹ́ gbìn? Ẹ fi ewúrẹ́ ta tẹ́tẹ́. Ẹ fi èmi gan-an ta á. Bí kò bá sí èbù, kí la máa jẹ lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Màlúù," ni Adamou dá a lóhùn.

3

Ó wá rò ó pé gbogbo ìlú ni yóò máa wo ọwọ́ òun. Ṣé ọwọ́ olóko ni wọ́n máa rí? Ó bu omi gbígbóná, ó da iyọ̀ sí i, iyọ̀ tí a ń fi ọmọ ìka bù nígbà yẹn. Ó rẹ ọwọ́ sínú rẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ ọjà, ó fi òkúta ha awọ líle náà kúrò, títí ọwọ́ fi rọ̀ bíi ti ìkókó. Awaou ń wò ó, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

4

Ọwọ́ náà ṣì ń ro omi iyọ̀ nígbà tó dé ọjà Bassila. Idrissou fò dìde.

"Àbúrò, nu ọwọ́ rẹ, kó o máa lọ sílé! Mo ti rí irú ọwọ́ yìí létí òkun. Ìdènà rẹ̀ kì í ju mẹ́ta lọ. Fi mẹ́ta pín ọgọ́ta, ogún ló máa ṣàn. Tó o bá fẹ́ mọ agbára tó máa bá ọ jà, ipá lọ́nà ìṣàn ni. Níjọ́sí, ọgọ́ta lọ́nà kan ni. Lónìí, ọgọ́ta lọ́nà ogún: ẹgbẹ̀fà!"

"Ṣebí ìkòkò ọgọ́ta náà nìyí?" ni Adamou bi í. "Àbí wọ́n ti bímọ ni?"

Ó gbá irin mú.

Ẹ̀yin ará, ọwọ́ kọ̀, kò tú mọ́. Fìlà fò. Ẹsẹ̀ ń jó ijó tí kò kọ́ rí.

"Nọ́fíù! Jẹ iṣu! Jẹ ẹ́ kíákíá!"

"Ó gbóná," ni Nọ́fíù wí, ó ń fẹ́ ẹ.

"Ẹ gbà mí o!"

Idrissou já okùn. Adamou jókòó pẹ̀ẹ́ sílẹ̀. Àwọn ará Bassila ń fi èdè Anii sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wọn kò nílò ògbufọ̀.

5

Nọ́fíù kó èbù lọ, kò ṣẹ́ ọ̀kan kù. Láti rí nǹkan gbìn, Adamou ń kọ ebè lóko Nọ́fíù, Nọ́fíù sì ń fi èbù díẹ̀díẹ̀ san án fún un. Èbù tirẹ̀ ni o! Ebi pa wọ́n lọ́dún náà. Ojú tì í débi pé kò lè wo Awaou.

Lọ́yẹ́ ọdún kejì, Idrissou kọjá lóko, ó yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò.

"Àbúrò, ìdènà rẹ ti padà sí ọgọ́ta! Màlúù ì bá di tìrẹ báyìí. Wá dì í mú."

Adamou ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ apá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ fún mi."

Awaou, tó wà lóko pẹ̀lú wọn, bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí èbù ti lọ, kò tíì rẹ́rìn-ín sí ọkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ ṣọ́ra. Ohun tí kò pa yín lánàá, ẹ má sọ pé ẹ ti borí rẹ̀. Bóyá awọ ọwọ́ yín ló gbà yín, ẹ sì ti ń ha á kúrò. Ẹ má fi ọwọ́ tútù kan iná mànàmáná. Ẹ má fi èbù ta tẹ́tẹ́. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ń ṣírò, ẹ dúró gbọ́ ọ tán. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.