Ẹni tí Ìjọba Mọ̀

Ìbejì ni Seng àti Hom. Inú oko ọsàn kan lẹ́bàá òkè Fang ni Nuan bí wọn sí, nínú ahéré páànù tí olóko kọ́ fún àwọn Tai Yai, àlejò tó sọdá bọ́dà wá láìníwèé, tó ń bá a ká ọsàn. Wọn kò tíì já lẹ́nu ọmú nígbà tí Bua, àbúrò bàbá wọn, wá láti ìgboro. Ọmọ onílùú ni ọkọ Bua, òun fúnra rẹ̀ sì ti gba ìwé ọmọ ìlú, ṣùgbọ́n kò rí ọmọ bí. Ó gbé Seng lọ, ó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba bí ẹni pé òun ló bí i, Seng sì gba káàdì ọmọ ìlú nígbà tó yá. Hom dúró ti ìyá rẹ̀.

Wọ́n gún Seng ní gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó mu mílíìkì iléèwé, ó kàwé, wọ́n sì ń yẹ eyín rẹ̀ wò lọ́dọọdún. Bí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dun Hom, omi iyọ̀ ni Nuan ń fún un. Bí wọ́n bá ń fín oògùn kòkòrò sí ọsàn, abẹ́ igi náà ló ti ń ṣeré. Kò mọ ìwé kà. Lọ́jọ́ Sátidé, Seng á fi mílíìkì pamọ́ sínú àpò wá, àwọn méjèèjì á sì jókòó mu ún lẹ́yìn ahéré.

"Ará ìgboro," Hom á ní, "àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ rọ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́."

"Tìẹ le bíi ti ẹfọ̀n. Mu mílíìkì rẹ."

Nígbà tí Bua kú, Seng padà sínú oko wá ká ọsàn pẹ̀lú wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ oko ń yí padà lọ́dọọdún, kò sì sẹ́ni tó lè dá ọmọbìnrin méjèèjì mọ̀ yàtọ̀ àfi ìyá wọn.

Lásìkò òjò kan, ọ̀kan nínú wọn dákú sídìí àkàbà. Wọ́n fi ọkọ̀ ọlọ́sàn gbé e dé ilé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, èémí rẹ̀ ń já. Nọ́ọ̀sì kan, obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́, béèrè orúkọ.

Nuan la ẹnu. Aláìsàn náà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Hom ni mí," ó ní.

"Káàdì rẹ dà?"

"Mi ò ní."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí èkejì. "Ìwọ ńkọ́?"

Ìyẹn na káàdì sí i. Nọ́ọ̀sì dá a mọ̀. "Áà, Seng! Ṣé ìwọ kọ́ lò ń wá gba oògùn ọkàn lọ́dọ̀ wa lóṣooṣù?"

"Èmi ni, mà."

Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí aláìsàn nímú, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń fa omi kúrò lára. Nígbà tí èémí rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, èkejì rẹ̀ nawọ́ sí ìkìlọ̀ kan lára ògiri.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Wọ́n ní ká má tutọ́ sílẹ̀," ni aláìsàn dáhùn. "Ìwọ gan-an ni wọ́n ń bá wí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi ní kí wọ́n rọra.

Dókítà dé, ó gbọ́ àyà rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. "Ilẹ̀kùn inú ọkàn rẹ̀ ni kò ṣí dáadáa mọ́," ó sọ fún Nuan. "Ohun tó ṣe ìbejì rẹ̀ náà ni. Bàbá wọn ńkọ́?"

"Ó ṣubú nínú oko, kò dìde mọ́."

Dókítà mi orí. Ó kọjú sí ẹni tó dúró. "Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ tìẹ ní Chiang Mai, ara rẹ sì dá. Ká ní ó ní káàdì bíi tìẹ ni, ọ̀la ni mi ò bá fi í ránṣẹ́ síbẹ̀, ìjọba ni ì bá sanwó. Ẹni tí kò ní, òun fúnra rẹ̀ ni yóò san án." Ó sọ iye tó jẹ́. Nuan kò bi í lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó dúró bú sẹ́kún. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́—"

"Ẹ má dá a lóhùn, sà," ni aláìsàn wí. "Ẹkún kì í wọ́n lójú rẹ̀ láti kékeré."

Wọ́n fún wọn ní oògùn díẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Nínú ọkọ̀, èkejì rẹ̀ kọjú sí i.

"Jẹ́ kí n padà lọ bá wọn."

"Láti lọ sọ kí ni? Kí wọ́n lè lé Màmá kọjá bọ́dà? Oògùn rẹ ti ìrọ̀lẹ́ ńkọ́?"

"Mi ò lò ó."

"Lò ó. Níṣojú mi báyìí."

Ó gbé e mì, ó sì la ẹnu kí èkejì rẹ̀ lè rí i.

Ọsàn kò tíì pọ́n tán nígbà tí aláìsàn kú lórí itan ìyá rẹ̀. Ìrẹsì wà lórí iná. Nuan ń ké pe Seng, ó ń ké pè é ṣáá, títí àwọn ará ahéré fi sáré lọ pe ọmọ tó kù wá láti oko. Wọ́n sọ fún olóko pé Hom ti kú. Àwọn àlùfáà wá gbàdúrà, wọ́n sì sun òkú náà.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì onípẹ̀lẹ́ ọjọ́sí ló kó oògùn jáde. Ó di ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú.

"Seng, mo gbọ́ nípa Hom. Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ká ní òun náà ní káàdì ni."

Hom fi káàdì tí Seng gbé fún un lọ́dún tí àìsàn ọkàn kọ́kọ́ mú Hom, tí Seng kò sì gbà padà nígbà tí àìsàn náà kan òun, gba oògùn náà, ó dúpẹ́, ó sì jáde.