Ilé Aláǹtakùn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ọpẹ́ ni fún Olúwa.

Akínṣọlá bu iyanrìn gbígbẹ lórí ibojì ìyá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó tẹ́ ẹ sínú àpótí gíláàsì fún aláǹtakùn aṣálẹ̀ tó ń sìn, ó sì fi àpáàdì ṣe ibi ìsápamọ́ fún un.

“Bọ̀ọ̀dá mi,” ni àbúrò rẹ̀ obìnrin wí, “ọdún kẹta rèé tẹ́ ẹ ní ẹ máa fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ibojì Màámi. Aláǹtakùn ló kọ́kọ́ rílé.”

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, aláǹtakùn rọ̀ mọ́ gíláàsì, kò fẹsẹ̀ kan iyanrìn. Nǹkan ń họ lábẹ́ àpáàdì. Àpáàdì sún, ohùn ìyá rẹ̀ sì jáde: “Ọmọ mi, ilé yìí mà dára. Ta lo kọ́ ọ fún?”

Ọlọ́run má jẹ́ kí ojúṣe ọmọ bọ́ lọ́wọ́ wa.